Àbẹ̀kẹ́, ọ̀rọ̀ actuarial science tí àbúrò ẹ fẹ́ kà

Àbẹ̀kẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

O kú òtútù o. Ọkọ ẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Àwa náà wà níbí, Èkó ò tíì jẹ́ ká sinmi. Mo gbọ́ voice note ẹ, mo tún un gbọ́, mo wá rí i pé tí n bá ní kí n fi voice note dá ẹ lóhùn, ilẹ̀ á mọ́ bá mi lẹ́nu ẹ̀, ìdí tí mo fi jókòó tẹ̀ ẹ́ nìyí, jọ̀ọ́ fara balẹ̀ kà á kó o tó fowó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni.

O ní ọmọ yẹn ní actuarial science lòun fẹ́ kà, ìyẹn ìmọ̀ ìṣirò ewu àti owó fún ínṣọ́ránsì àti pẹ́ńṣàn, pé ṣé Unilag ni kó lọ àbí kó wá bá yín ní Canada. Inú mi dùn gan-an, iṣẹ́ tí mò ń ṣe ṣá ló fẹ́ wá ṣe, àmọ́ ọ̀rọ̀ yunifásítì kọ́ ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ máa fà. Dìgírì kọ́ ló ń sọ èèyàn di actuary, Àbẹ̀kẹ́. Ìdánwò ẹgbẹ́ àwọn actuary ni. Ẹni tó bá jáde nínú actuarial science pẹ̀lú first class, tí kò tíì kọ ìkankan nínú ìdánwò yẹn, a máa gbà á síṣẹ́ lóòótọ́, a máa fún un ní Excel kó máa bá a jà, ṣùgbọ́n kò sí nǹkan tó lè buwọ́ lù. Ẹni tó sì ka mátíìsì tàbí statistics, kódà kó jẹ́ engineering, tó bá ti kọ ìdánwò ọ̀hún tó yege, òun lọ̀gá. Mo mọ èyí tó ka physics láàárín wa, òun lẹnu ẹ̀ sì le jù nínú mítíìnì.

Ẹgbẹ́ méjì làwọn ará ibí sábà máa ń bá lọ. SOA (Society of Actuaries) ti Amẹ́ríkà wà, IFoA (Institute and Faculty of Actuaries) ti ìlú ọba náà wà. Ti SOA, Exam P lọ̀pọ̀ èèyàn fi ń bẹ̀rẹ̀, probability gidi ni, lẹ́yìn náà FM tó jẹ́ ìṣirò owó àti èlé. Ìbéèrè 30 ni P, wákàtí mẹ́ta, wàá mú ìdáhùn kan láti A dé E, máàkì wọn ò ju 10 lọ, 6 lo sì fi máa yege. Tí àbúrò ẹ bá gbọ́ báyìí á ní ṣebí bíi ti JAMB náà ni. Kò jọ JAMB o! Ohun tí àwọn tó ń kọ ọ́ máa ń sọ ni pé wákàtí kan nínú hall, wákàtí 100 nídìí ìwé, ìyẹn ni pé P nìkan á gba wákàtí 300 lọ́wọ́ ẹ̀. Ní ti IFoA, wọ́n ní CS1 tó jẹ́ statistics, wọ́n ní CM1 tó jẹ́ mátíìsì, wọ́n ní oríṣiríṣi, CS1 ní pépà tí wọ́n ń fi R, èdè kọ̀ǹpútà fún statistics, ṣe, ti CM1 jẹ́ Excel, April àti September ni wọ́n ń kọ ọ́. Ṣé o ti wá mọ ìdí tí mi ò fi kì í wá sí òde kankan lásìkò yẹn, ẹ̀yin ẹ ní mò ń ṣe ìgbéraga.

Èèyàn lè parí yunifásítì kó tún lo bí ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí ìdánwò wọ̀nyí, pẹ̀lú iṣẹ́, pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Ohun tó wà níbẹ̀ nìyẹn. Torí náà plan tó dáa ni kó ti kọ P, ó kéré tán, kó tó wọ final year, kó má dúró dìgbà tó bá parí youth service kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìwé kiri. Ọmọ tó bá wá síbi interview wa pẹ̀lú P àti FM nínú CV, wọn ò ní bi í léèrè púpọ̀ nípa irú yunifásítì tó lọ.

Ó wá kan Unilag. Wọ́n ní dípátímẹ́ǹtì Actuarial Science and Insurance ní Àkọ́kà, òun lorúkọ ẹ̀ jáde jù nínú iṣẹ́ wa, ibi tó o bá yíjú sí ní àwọn ilé iṣẹ́ ínṣọ́ránsì l'Ékòó, wàá rí ẹni tó jáde níbẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì, mátíìsì àti economics ni kó fi kọ JAMB, kó wá mú subject kan kún un, kó sì rí i pé òun ní kírẹ́díìtì nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní WAEC. Further maths, má jẹ́ kó sá fún un. Ṣùgbọ́n jẹ́ n sọ èrò ọkàn mi fún ẹ: tí JAMB ò bá gbé e dé ibi tó fẹ́, tí wọ́n fún un ní statistics tàbí mátíìsì ní UI tàbí ní Ifẹ̀, kó gbà á, kó má fi ọdún kan ṣòfò nílé torí orúkọ kọ́ọ̀sì. Èyí tí mi ò fẹ́ ni kí wọ́n fún un ní insurance lásán kó sì rò pé ọ̀kan náà ni. Kì í ṣe ọ̀kan náà o, ìṣirò ibẹ̀ ò tó.

Canada ńkọ́? Mi ò ní sọ pé kò dáa. Waterloo dáa, kò sẹ́ni tó máa jiyàn ẹ̀, wọ́n ní co-op, akẹ́kọ̀ọ́ á ka ìwé fún oṣù mẹ́rin á tún lọ ṣiṣẹ́ oṣù mẹ́rin, kó tó jáde á ti mọ inú ọ́fíìsì dáadáa, á sì ti kọ ìdánwò mélòó kan. Ohun tó ń kó mi lọ́kàn sókè ni owó. Ìwọ tó o wà níbẹ̀ lo mọ̀ jù mí lọ, àjòjì ni wọ́n máa kà á sí, kò sóhun tó kàn wọ́n bóyá ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ń sanwó orí ńbẹ̀, bẹ́ẹ̀ lọ́dún 2024 owó tí akẹ́kọ̀ọ́ máa fi hàn pé òun ní nílẹ̀ kúrò ní $10,000 ti Canada ó di $20,635, wọ́n sì ti tún fi kún un lẹ́yìn ìyẹn, school fees ò sì sí nínú ẹ̀. Ọdún yẹn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi gbèdéke sí iye àwọn tí wọ́n ń fún ní study permit. Tó bá jẹ́ èmi ni ìwọ, mi ò ní ta nǹkankan torí undergraduate. Á ka ìwé níbí, á fi ìdá díẹ̀ nínú owó yẹn kọ ìdánwò, torí ìdánwò kan náà ni wọ́n ń kọ ní Toronto àti l'Ékòó, tó bá fẹ́ wá lẹ́yìn náà ó ti ní nǹkan lọ́wọ́ tí wọ́n ń wá. Dọ́là ni wọ́n fi ń san ti SOA o, látìgbà tí wọ́n ti tú náírà sílẹ̀ ní Júùnù 2023 ló ti di ẹrù, ibi tí mo ti fẹ́ kó o ràn án lọ́wọ́ gan-an nìyẹn. IFoA máa ń dín owó kù fún ẹni tówó tó ń wọlé fún un ò pọ̀, ní kó wá a kàn dáadáa lórí website wọn.

Mo tún fẹ́ kó o bá mi bi í pé kí ló rí lọ́bẹ̀ tó fi warú sọ́wọ́. Tó bá jẹ́ pé ó gbọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé àwọn actuary lówó ni, kó lọ tún un rò. Ìtàn kan wà tí wọ́n máa ń sọ fún wa, ní Scotland láàárín ọdún 1740 sí 1750, àwọn pásítọ̀ méjì, Robert Wallace àti Alexander Webster, fẹ́ dá àpò owó sílẹ̀ fún àwọn opó pásítọ̀. Wọn ò fi àdúrà nìkan ṣe é. Wọ́n kó àkọsílẹ̀ jọ, wọ́n ní pásítọ̀ bíi 930 ló máa wà láàyè lọ́dún kọ̀ọ̀kan, 27 á máa kú, 18 á fi opó sílẹ̀, wọ́n wá ṣírò iye tí kálukú máa dá. Wọ́n ní tó bá di 1765, owó inú àpò á jẹ́ £58,348. Nígbà tí 1765 dé, £58,347 ni. Pọ́ùn kan péré! Tí àbúrò ẹ bá gbọ́ ìyẹn tí ara ẹ̀ bù máṣọ, ó ti dé ilé. Tó bá ní "ẹ̀n-ẹ́n, ẹ ṣé", kó lọ ka accounting.

Iṣẹ́ ojoojúmọ́ wa ò dùn tó bẹ́ẹ̀ ṣá. Wo ínṣọ́ránsì third party ọkọ̀ tó kúrò ní ₦5,000 tó di ₦15,000 ní Jánúárì 2023, NAICOM, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ínṣọ́ránsì, ló fi iye yẹn lélẹ̀, wọ́n tún gbé iye tá a lè san lórí dúkìá ẹni tí ọkọ̀ kọ lù láti ₦1 mílíọ̀nù sí ₦3 mílíọ̀nù. Àwa la máa jókòó wò ó pé ọkọ̀ mélòó ló máa kọ lu ẹlòmíì lọ́dún, èló ni bọ́mpà báyìí, èló ló máa di lọ́dún tó ń bọ̀, ṣé ₦15,000 yẹn á gbé e. Àwọn kan ń ṣe pẹ́ńṣàn, àwọn kan ń ṣe life, ìyẹn ínṣọ́ránsì ẹ̀mí. Látìgbà tí IFRS 17, ìlànà tuntun fún àkọsílẹ̀ owó ilé iṣẹ́ ínṣọ́ránsì, dé ní 2023, iṣẹ́ ti pọ̀ débi pé alẹ́ ò yàtọ̀ sí ọ̀sán mọ́ tí wọ́n bá ń ṣe àkọsílẹ̀ ìparí ọdún. Òfin ínṣọ́ránsì tuntun tí Tinubu buwọ́ lù ní Ọ́gọ́ọ́sì 2025 tún dé, owó ìpìlẹ̀ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe life ti di ₦10 bílíọ̀nù, àwọn tí kì í ṣe life ₦15 bílíọ̀nù. Àwọn kan á parapọ̀, ẹ̀rù iṣẹ́ ń ba àwọn èèyàn, àmọ́ kò tíì sẹ́ni tó ní actuary ti pọ̀ jù l'órílẹ̀-èdè yìí.

Ní kó pè mí lọ́jọ́ Sátidé, kó má pè mí láàárọ̀ torí mo máa ń fọ aṣọ. Mo ní ìwé P tí mo ti lò, mo ti kọ pẹ́ńsù sí i nínú o, tí kò bá bínú sí ìyẹn kó wá gbà á ní ọ́fíìsì. Fọ́ọ̀mù JAMB, má ì tíì fún ẹnikẹ́ni lówó tó bá ní òun máa bá a ṣe é, kó lọ ṣe é fúnra ẹ̀ ní CBT center.

Bá mi kí ọkọ ẹ, ní mo ní ó jẹ mí ní ìpè kan.

Èmi ọ̀rẹ́ ẹ,
Àṣàkẹ́