Káàdì ìwọ̀n ọmọ ò gbọdọ̀ parí ní ọdún márùn-ún

Ẹ̀yin Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Àwọn ọmọ tí oúnjẹ ti di ogun fún la fẹ́ bá àwọn òbí àti àwọn dókítà ìdílé ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ sọ̀rọ̀ lé lórí. Kì í ṣe ọmọ tí kò rí jẹ là ń wí. Oúnjẹ wà níwájú ọmọ yìí, àmọ́ ẹ̀rù sísanra ò jẹ́ kó jẹ ẹ́, tàbí kó jẹ ẹ́ tán kó lọ bì í dànù ní bálùwẹ̀. Àìsàn gidi ni, ó sì ń pa ọmọ, lọ́kùnrin lóbìnrin.

Nígbà ìkókó, ìyá ń gbé káàdì lọ sí sẹ́ńtà fún abẹ́rẹ́ àjẹsára, nọ́ọ̀sì á wọn ọmọ, á sì fa ìlà sí káàdì. Bí ọmọ bá ti pé ọdún 5, káàdì wọ àpótí. Ó di ìgbà tí ibà bá dé kí ẹnikẹ́ni tó tún wọ̀n ọ́n. Bẹ́ẹ̀, ìgbà tí ọmọ ń bàlágà gan-an ni àìsàn yìí sábà máa ń yọjú.

Ẹ jẹ́ ká fi ọmọbìnrin ọlọ́dún 12 ṣe àpẹẹrẹ: kílò 36, gíga sẹ̀ǹtímítà 145. Lọ́dún kejì, kílò 36 náà ni, ṣùgbọ́n ó ti ga dé 151. Ìyá á ní, “Kò kúkú rù.” Ó rù o! Ẹ fi 1.45, ìyẹn gíga rẹ̀ ní mítà, pín 36, kí ẹ tún fi 1.45 pín èsì rẹ̀: 17.1 ni ìwọ̀n rẹ̀ sí gíga (BMI). Lọ́dún kejì ó di 15.8, nígbà tó yẹ kó gòkè. Dókítà tó rí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ò ní fura, torí 15.8 ò tíì bọ́ sábẹ́ ìlà àwọn tó rù jù lórí àtẹ tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde lọ́dún 2007 fún ọmọ ọdún 5 sí 19. Dókítà ìdílé tó ní àkọsílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló máa rí i pé ọmọ ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù mẹ́fà tó láti wọ̀n ọ́n. Ọmọ tí wọ́n ń pè ní orobo tó wá rù lójijì náà wà nínú ewu, bí gbogbo ilé tilẹ̀ ń yìn ín.

Ohun tó ń bo àìsàn yìí mọ́lẹ̀ pọ̀ nílé wa. Bí inú bá ń run ọmọ nígbàkigbà tí oúnjẹ bá délẹ̀, wọ́n á ní ọgbẹ́ inú ni, tàbí aràn. Ó dáa kí wọ́n yẹ aràn, ikọ́ ife àti ìtọ̀ ṣúgà wò, àmọ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lè dára pátá kí àìsàn yìí ṣì wà níbẹ̀. Ọmọ mìíràn á máa mu àgbo jẹ̀díjẹ̀dí lójoojúmọ́ kó lè máa yàgbẹ́. Ààwẹ̀ Rámádánì parí, ọmọ ń gbà á lọ. Ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta ní ṣọ́ọ̀ṣì di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. A ò bú ààwẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ẹ ṣáà wo ohun tó ń jẹ nígbà ìṣínu. Kódà télọ̀ tó ń wọn ọmọ fún aṣọ Ojúde Ọba lè sọ fún yín bí ìbàdí rẹ̀ bá kéré sí ti èṣí.

Lọ́dọ̀ dókítà, kí ìyá jókòó síta díẹ̀. Kí dókítà béèrè ohun márùn-ún: Ṣé o máa ń mọ̀ọ́mọ̀ bì bí o bá yó? Ṣé ẹ̀rù ń bà ọ́ pé o ò ní lè dáwọ́ oúnjẹ dúró? Ṣé o ti rù? Ṣé o gbà pé o sanra nígbà tí àwọn èèyàn ní o rù? Ṣé oúnjẹ ló gba gbogbo ọkàn rẹ? Bó bá dáhùn “bẹ́ẹ̀ ni” sí méjì, ó yẹ kí dókítà fura. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ìbéèrè wọ̀nyí ti jáde lọ́dún 1999, fún àgbàlagbà, tí wọ́n ń wo bóyá èèyàn ti fi bíi kílò 6 rù láàárín oṣù 3. Fún ọmọdé, ẹ má dúró de kílò 6.

Kí dókítà wo ẹ̀yìn ìka ọwọ́ rẹ̀ bóyá ó ti yi níbi tí eyín máa ń ha á bó bá ń ki ìka bọ ọ̀fun láti bì, kó wo eyín tó ń jẹ dànù, ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó wú, nǹkan oṣù tó dáwọ́ dúró. Lẹ́yìn náà, kí ọmọ dùbúlẹ̀ ìṣẹ́jú 5, kí wọ́n ka lílù ọkàn rẹ̀, kí wọ́n wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Kó dìde dúró ìṣẹ́jú 2, kí wọ́n tún un ṣe. Bí lílù ọkàn bá fi ju 20 lọ lé sí i, tàbí tí nọ́ńbà òkè nínú ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ bá fi ju 20 lọ já wálẹ̀, tàbí tí ọkàn ò lù tó 50 ní ìṣẹ́jú kan lọ́sàn-án, ilé ìwòsàn ńlá ló kàn lọ́jọ́ náà gan-an, irú èyí tó wà ní Ṣàgámù tàbí Ìlíṣàn. Bí ọkàn bá ń rọra lù, ẹ má rò pé ara rẹ̀ le bíi ti eléré ìdárayá ni. Ebi ti ń jẹ iṣan ọkàn rẹ̀.

Ẹ má fi ìbẹ̀rù rọ ẹ̀bà àti ìkọ́kọrẹ́ sí i lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan náà o. Ara tí ebi ti pa pẹ́, bí oúnjẹ bá ya wọ̀ ọ́, èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní fọ́sífétì á já wálẹ̀, ọkàn lè dákẹ́. Díẹ̀díẹ̀ ni, pẹ̀lú àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Bí ewu yẹn bá ti kọjá, kí òbí máa bu oúnjẹ fúnra wọn, kí wọ́n sì jókòó tì í títí yóò fi jẹ ẹ́ tán. Bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ lọ sí Aro, l'Abẹ́òkúta, ẹ lọ. Ẹnikẹ́ni ò pe ọmọ yín ní wèrè.

Ọ̀pọ̀ káàdì èsì ìdánwò ilé-ẹ̀kọ́ ló ní àyè fún gíga àti ìwọ̀n ọmọ. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló máa ń ṣófo, tàbí kí wọ́n kàn fojú díwọ̀n rẹ̀. A bẹ àwọn ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ láti Ìjẹ̀bú-Òde dé Ìkẹ́nnẹ́: ẹ ra ìwọ̀n kan, ẹ lẹ téèpù mọ́ ògiri, kí ọmọ bọ́ bàtà, kí tíṣà kọ ohun tó rí gan-an. Kí òbí mú káàdì náà dání bí wọ́n bá ń lọ rí dókítà.

Àwa òṣìṣẹ́ ìlera ìdílé,
Ìjẹ̀bú-Òde.