Ẹ Má Fi Òòlù Fọ́ Páànù Onísìmẹ́ǹtì Àtijọ́

Olóòtú mi ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, tí ọyẹ́ ń fẹ́ kíkankíkan ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí, mo rí ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta lórí ilé àtijọ́ kan tí wọ́n ń tún ṣe ní àdúgbò wa. Òòlù ni wọ́n fi ń fọ́ páànù onísìmẹ́ǹtì tó wà lórí ilé náà, wọ́n ń ju àfọ́kù rẹ̀ sílẹ̀, eruku rẹ̀ sì ń fẹ́ lọ bá ata tí ìyá kan sá sórí ẹní ní agbo ilé kejì. N kò lè bá wọn jà, nítorí pé bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni èmi náà ṣe ń ṣe é ní gbogbo ọdún tí mo fi ṣe iṣẹ́ káfíńtà kí n tó fẹ̀yìn tì. Ohun tí mo wá mọ̀ nípa eruku yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi tẹ̀ síta.

Páànù tí mò ń wí yìí kì í ṣe onírin. Ó nípọn, ó wúwo, àwọ̀ rẹ̀ dà bí eérú, ara rẹ̀ sì ń lọ sókè sódò bí ìgbì omi. Sìmẹ́ǹtì ni wọ́n pò mọ́ fọ́nrán òkúta kan tí àwọn Faransé ń pè ní àmíyáǹtì, tí àwọn ará wa ní Nàìjíríà sì ń pè ní asibẹ́sítọ́ọ̀sì. A fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀ nígbà náà, torí pé iná kì í jó o, kì í dípẹtà, òjò kì í sì í pariwo lórí rẹ̀ bíi ti onírin. Wọ́n tún fi ṣe àjà pẹlẹbẹ àti ọ̀pá omi. Èmi fúnra mi ti kàn án mọ́ ilé alámọ̀ tí àwọn Àgùdà kọ́, nígbà tí páànù onírin orí rẹ̀ jẹrà.

Nígbà tí páànù yìí bá wà lódindi, sìmẹ́ǹtì di fọ́nrán náà mú, ewu rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Fífọ́ rẹ̀, fífi ayùn gé e, lílu ú àti fífi nǹkan họ ọ́ ló ń tú fọ́nrán náà sínú afẹ́fẹ́. Ó tẹ́ẹ́rẹ́ ju irun orí lọ lọ́nà tó pọ̀, kò ní òórùn, kò sì ní kí ènìyàn wúkọ́ lọ́jọ́ náà, èyí ló sì ń tàn wá jẹ. Bó bá wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, ara kò lè yọ́ ọ, ó sì lè tó 20 ọdún sí 40 ọdún, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí àrùn tó fara hàn: ẹ̀dọ̀fóró lè le kí mímí di ìjàkadì, tàbí kí jẹjẹrẹ mú ẹ̀dọ̀fóró tàbí awọ tó bò ó. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kò sí irú àmíyáǹtì kankan tí kì í fa jẹjẹrẹ, àti pé àwọn tí èyí tí wọ́n fà símú lẹ́nu iṣẹ́ ń pa lọ́dọọdún lé ní 200,000. Ti ẹni tó ń mu sìgá tún burú jù. Àwọn ìyàwó tó kàn ń fọ aṣọ iṣẹ́ ọkọ wọn pàápàá ti kó o.

Ilẹ̀ Faransé fi òfin dè é láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1997. Àbúrò mi tó ń ṣiṣẹ́ ilé kíkọ́ níbẹ̀ sọ fún mi pé ilé tí wọ́n bá gba ìwé àṣẹ kíkọ́ rẹ̀ ṣáájú oṣù keje ọdún náà, wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò fún àmíyáǹtì kí òṣìṣẹ́ tó fọwọ́ kàn án. Àwọn tó fi í lé wa lọ́wọ́ ti gbé e sọ nù, àwa ṣì ń fi àfọ́kù rẹ̀ bo ilé adìyẹ.

Ojú lásán kò lè dá a mọ̀. Awò inú yàrá àyẹ̀wò nìkan ló lè fi í hàn. Nítorí náà, bí páànù bá ti pẹ́, ẹ kà á sí eléwu. Bí kò bá sán, ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Bó bá di dandan kí ẹ ṣí i, ẹ má ṣe é lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́, ẹ kó ọmọdé kúrò nítòsí, ẹ bo àgbá omi àti kànga. Ẹ rọra wọ́n omi ọṣẹ sí i kó rin, kì í ṣe omi tó ń fi agbára tú. Pákó ni kí ẹ tẹ́ kí ẹ tó gùn ún, torí páànù yìí máa ń dá mọ́ ènìyàn lẹ́sẹ̀. Mo mọ ọmọṣẹ́ tó gba ibẹ̀ já sínú yàrá. Ẹ gé ìṣó rẹ̀, ẹ gbé páànù lódindi, ẹ fà á fún ara yín sílẹ̀, kí ẹ sì fi ọ̀rá tó nípọn wé e lẹ́ẹ̀mejì. Ìbòmú aláṣọ tí a lò nígbà kòrónà kò dá fọ́nrán yìí dúró. Èyí tí wọ́n kọ FFP3 sí lára ni kí ẹ wá. Àkísà tútù ni ẹ fi nu ilẹ̀, kì í ṣe ìgbálẹ̀, kí ẹ sì kó àkísà náà sínú ọ̀rá. Ẹ bọ́ aṣọ iṣẹ́ níbẹ̀, ẹ má wọ̀ ọ́ wọlé.

Àfọ́kù ló ń bí mi nínú jù. A máa ń dà á sí kòtò ojú ọ̀nà nígbà òjò, tí àwọn zémíjàn, ìyẹn ọ̀kadà, yóò sì máa gùn ún kọjá títí yóò fi di lẹ́búlẹ́bú tí ọyẹ́ yóò gbé. Ẹ bá mi bẹ àwọn aláṣẹ ìlú pé kí wọ́n sọ ibi kan pàtó tí a lè máa gbé e lọ, kí wọ́n sì bá àwọn ẹgbẹ́ káfíńtà àti bíríkìlà sọ ọ́ ní èdè Yorùbá àti Gùn, nítorí pé ìwé Faransé kì í dé orí òrùlé.

Ní ilé ẹbí wa, àjà àmíyáǹtì yàrá ẹ̀yìn ṣì wà níbẹ̀. Kò sán, a fi ọ̀dà kùn ún nípọn, mo sì fi ẹfun kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn pé kí ẹnikẹ́ni má kan ìṣó mọ́ ọn.

Èmi ni,
Káfíńtà àtijọ́ kan ní Àjàṣẹ́