Ìlù tuntun kò ba orin Àṣá jẹ́

Sí Olóòtú,

Mo ka lẹ́tà òǹkàwé yín kan tí ó sọ pé Àṣá olórin ti ba iṣẹ́ ara rẹ̀ jẹ́ láti ìgbà tí ó ti ń bá àwọn ọ̀dọ́ Èkó kọ orin ijó, pé ìlù ẹ̀rọ nìkan ni ó kù nínú orin rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè kí n fèsì, nítorí pé ọ̀rọ̀ olórin yìí jẹ mí lógún gan-an, àwa tí a sì ń gbọ́ orin rẹ̀ ní Iléṣà níbí kò kéré níye.

Nígbà tí Bùkọ́lá Elemide, tí gbogbo wa mọ̀ sí Àṣá, gbé àwo orin rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 2007, tí Cobhams Asuquo bá a ṣètò rẹ̀, ohùn àti jìtá ni ó gba iwájú, ìlù kàn ń tẹ̀ lé wọn jẹ́jẹ́ ni. Ṣùgbọ́n àwo ti ọdún 2010 ti yá ju ìyẹn lọ, nítorí náà ìyípadà yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn àwo ti 2014, ọdún márùn-ún kọjá kí a tó rí òmíràn gbà lọ́wọ́ rẹ̀, nígbà tí ó sì di 2022 ni ó gbé ìkarùn-ún dé, èyí tí P.Priime ṣe ìlù ọ̀pọ̀ orin inú rẹ̀, tí Wizkid bá a kọrin nínú rẹ̀. The Cavemen náà wà níbẹ̀, àwọn tí ń fi ọwọ́ ara wọn lu ìlù háíláìfù. Báwo ni a ṣe wá lè sọ pé ẹ̀rọ nìkan ni ó kù? Ohùn rẹ̀ tí ó ha díẹ̀ yẹn ṣì wà bí ó ti wà. Kò pariwo kí ijó lè gbóná, ó máa ń dákẹ́ díẹ̀ láàárín ọ̀rọ̀ kí ìtumọ̀ rẹ̀ lè wọni lára.

Àwa Ìjẹ̀ṣà gan-an ni kò yẹ kí ìlù tuntun bà lẹ́rù. I.K. Dáírò, ọmọ Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, ni ó mú àkọ́díọ́ọ̀nù wọ inú orin jùjú, ta ni yóò sì sọ lónìí pé ohun tí ó kọ kì í ṣe jùjú?

Ohun tí ó dùn mí yàtọ̀ sí ti òǹkàwé yín. Nínú àwo ti 2007, àwọn orin kan wà tí ó jẹ́ Yorùbá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, irú èyí tí ó kọ nípa ẹyẹ àdàbà, tí àgbà àti ọmọdé lè gbé lẹ́nu. Nínú ti 2022, Gẹ̀ẹ́sì ni ó pọ̀ jù. Bí ẹ bá rí ààyè fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe bi í nípa aṣọ àti owó. Ẹ bi í ìgbà tí yóò fi Yorùbá odindi lé orí ìlù tuntun yìí.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín, Iléṣà.