Ìdí tí ẹ kò fi ní rí gúrúpà kékeré lórí tábìlì wa mọ́

Ẹ̀yin oníbàárà wa, a kí yín o. Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ wa ní ọjà Sandgrouse ń bèèrè ẹja gúrúpà (grouper) kékeré, irú èyí tí wọ́n máa ń sun lódidi. A ò tà á mọ́. Kì í ṣe pé a ò rí i rà o.

Gúrúpà tí à ń tà, èyí tó ní ilà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́rẹ̀kẹ́, ẹja òkun ni, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọ rẹ̀ máa ń wà nínú ọ̀sà àti ẹnu odò. Àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́ á ti kó wọn kí wọ́n tó ráyè jáde sí òkun. Bẹ́ẹ̀ ẹja yìí kì í yára dàgbà. Abo ló fi ń bẹ̀rẹ̀ ayé. Ó máa ń tó ọdún 5 sí 7 kó tó yé ẹyin, nígbà tó bá ti gùn tó sẹ̀ǹtímítà 50 sí 60, tó sì wọn nǹkan bíi kílò 3. Tó bá wá pẹ́ sí i, bí ọdún 10 sí 13, abo yẹn kan náà ni yóò di akọ.

Ẹ wá rò ó wò. Ẹja oníkílò kan tí à ń sun yẹn kò tíì yé ẹyin rí! Bó bá sì jẹ́ àwọn tó tóbi jù lọ nìkan là ń wá, akọ là ń kó tán. Nítorí náà, a ti sọ fún àwọn tó ń gbé ẹja wá fún wa pé èyí tí kò bá tó sẹ̀ǹtímítà 60, kí wọ́n má gbé e wá. A ò sì ní bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n wá àwọn ràbàtà fún wa mọ́. Inú àwọn kan kò dùn, wọ́n ní ẹlòmíì á rà á. Òótọ́ ni. Àmọ́ a fẹ́ kí àwọn ọmọ wa náà rí gúrúpà tà.

Owó kílò kan kò yí padà. A óò máa gé e, ẹ sì lè ra ìdajì kílò. A ò ní bó awọ rẹ̀, orí rẹ̀ náà á sì wà níbẹ̀ kí ẹ lè rí ilà ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, torí ẹja tí wọ́n bá ti bó, ẹnikẹ́ni lè pè é ní gúrúpà.

Ẹni tó bá fẹ́ sun ẹja lódidi, kó mú epìyà tàbí ọ̀bọ̀kún. Ẹni tó bá sì fẹ́ orí gúrúpà fún ọbẹ̀ ata, kó tètè ránṣẹ́ sí wa láàárọ̀ kùtù, torí àwọn kan ti máa ń gbà á sílẹ̀.