Ọkàn ti dé, ẹsẹ̀ ṣì wà lọ́nà

Mókólà,
Ìbàdàn.
Oṣù Kẹsàn-án.

Kúnlé ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lo wà, àti ìyàwó, àti àwọn ọmọ? Òjò ṣì ń dà á sílẹ̀ níbí, kò tíì fẹ́ dá. Mo gba lẹ́tà rẹ, mo sì rí ìbéèrè tó wà nínú ẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ agunkẹ̀kẹ́ yín ní Toronto ní ẹni tó bá ń fi kẹ̀kẹ́ díje, tó lè gùn ún ní kìlómítà 40 láàárín wákàtí kan, á kàn wọ kánfáàsì lọ́jọ́ kan ni, á sì fi ìṣẹ́jú 40 sáré kìlómítà 10. Ìwọ náà ti ń gbà wọ́n gbọ́, torí o ti ń sọ pé bó o bá délé ní Oṣù Kejìlá, wàá bá àwọn tó máa ń sáré láàárọ̀ Sátidé nínú Yunifásítì sá a. Irọ́ kọ́ pátápátá, ṣùgbọ́n òótọ́ inú ẹ̀ kò tó ìdajì.

Wo àwọn tó jẹ́ pé kẹ̀kẹ́ ni wọ́n fi ń jẹun. Adam Yates, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ṣe ipò kẹta nínú Tour de France 2023, ìdíje kẹ̀kẹ́ ńlá ilẹ̀ Faransé, sá máráthọ́ọ̀nù (kìlómítà 42 àti díẹ̀) Barcelona ní Oṣù Kọkànlá 2021. Wákàtí 2, ìṣẹ́jú 58 àti ìṣẹ́jú-àáyá 44 ló fi sá a. Lance Armstrong, agunkẹ̀kẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà, sá ti New York ní 2006, ó lo 2:59:36. Ó padà síbẹ̀ ní 2007, ó lo 2:46:43. Armstrong tí wọ́n gba Tour méjèèje lọ́wọ́ ẹ̀ ní 2012, torí oògùn tí òfin eré ìdárayá kọ̀, náà ni mò ń wí o. Lẹ́yìn ti 2006 yẹn, ó sọ fáwọn oníròyìn pé òun ò fi ara òun ṣe ohun tó le tó bẹ́ẹ̀ rí láyé òun. Ẹni tó ti gun òkè Alps lọ, tó gùn ún bọ̀!

Bó o bá ṣírò ti Yates, ìṣẹ́jú 4 àti ìṣẹ́jú-àáyá 14 ló ń lò lórí kìlómítà kan. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń sáré láti ọjọ́ pípẹ́ ò lè sún mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n Kelvin Kiptum ará Kenya sá Chicago ní 2023, 2:00:35 ló fi parí. Ká ní àwọn méjèèjì jọ gbéra ni, ìgbà tí Kiptum bá fi máa gba omi mu ní òpin, ó ṣì máa ku kìlómítà tó lé ní 13 fún Yates. Bí ọ̀rọ̀ agunkẹ̀kẹ́ ṣe rí nìyẹn: ó ta ọ̀pọ̀ èèyàn yọ, àwọn tó ni eré gan-an sì fi í sílẹ̀ sẹ́yìn réré.

Ọkàn tó ń tu ẹ̀jẹ̀ àti ẹ̀dọ̀fóró tó ń fa afẹ́fẹ́ ò mọ̀ bóyá orí gàárì lo wà tàbí orí títì. Iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe, ìwọ sì ti fi ọdún tó pọ̀ kọ́ wọn. Wàhálà bẹ̀rẹ̀ níbi tí ẹsẹ̀ ti kan ilẹ̀. Lórí kẹ̀kẹ́, gàárì ló gbé ọ. Ẹsẹ̀ ń ti pẹ́dàlì, pẹ́dàlì ń yí, nǹkan kan ò gbá ẹsẹ̀ padà. Tó o bá ń sáré, ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ẹsẹ̀ kan ṣoṣo fi ń gba ara tó ti kúrò nílẹ̀, agbára tó sì ń bọ́ lé e lórí máa ń tó ìlọ́po méjì sí mẹ́ta ìwọ̀n ara. O wọn kílò 70. Sọ ọ́ di ìlọ́po méjì àbọ̀, ó di 175. Àpò sìmẹ́ńtì mẹ́ta àbọ̀ nìyẹn lórí ẹsẹ̀ kan, láàárín ìdá kan nínú mẹ́rin ìṣẹ́jú-àáyá. Kí kìlómítà 10 tó pé, ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan á ti gbà á ní nǹkan bí ìgbà 5,000.

Itan rẹ lágbára, mi ò jiyàn, àmọ́ ọ̀nà kan ṣoṣo ló mọ̀: kó sún kì, kó ti nǹkan. Asáré nílò itan tó ń nà tó tún ń di ara mú, bíi bíréèkì mọ́tò tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè. Iṣẹ́ bíréèkì yìí ló ń ya iṣan tí kò mọ́ lára. Ìrora rẹ̀ kì í dé lójú ẹsẹ̀; ọjọ́ kejì ló ń dé, ó lè dọjọ́ kẹta kó tó le tán. Ìgbà yẹn lo máa rí gìrìpá ọkùnrin tó ń fi ẹ̀yìn sọ̀ kalẹ̀ láti orí àtẹ̀gùn, tó di irin ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ mú gírígírí. Èyí tó dùn mọ́ni níbẹ̀ ni pé bí iṣan bá ti jẹ díẹ̀ nínú ìyà yẹn lẹ́ẹ̀kan, ẹlẹ́ẹ̀kejì kì í dùn ún tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ti àkọ́kọ́ kéré gan-an.

Òkè Ìbàdàn á fi èyí hàn ọ́ kíákíá. Bó o bá sáré láti Bẹẹrẹ gun Màpó, wàá kọjá lára àwọn asáré, torí gígun òkè jọ kẹ̀kẹ́: itan ló ń tì, ilẹ̀ ò sì fi bẹ́ẹ̀ gbá ẹsẹ̀. Ìgbà tó o bá ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ ni kó o bẹ̀rù. Àkókò ìsinmi ni gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ jẹ́ fún ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́, èyí ló ń tan yín tẹ́ ẹ fi ń já ẹsẹ̀ sílẹ̀ fàà. Ní oṣù méjì àkọ́kọ́, ìrìn ni kó o máa rìn sọ̀ kalẹ̀. Jẹ́ kí wọ́n fi ọ́ rẹ́rìn-ín.

Egungun tún wà níbẹ̀. Torí pé kẹ̀kẹ́ kì í gbá egungun, ti àwọn tó ń gùn ún díje máa ń fúyẹ́ ju ti asáré lọ, pàápàá ní ọ̀pá ẹ̀yìn. Ọkàn á mọ iṣẹ́ tuntun láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Egungun àti iṣan líle ẹ̀yìn gìgísẹ̀ máa ń gba oṣù. Ẹni tí kò tíì sáré rí, èémí ẹ̀ ló máa kọ́kọ́ dá a dúró, kí ẹsẹ̀ ẹ̀ tó bàjẹ́. Èémí tìẹ ò ní dá ọ dúró. Ohun tó léwu nínú ọ̀rọ̀ ẹ gan-an nìyẹn.

Àwọn tó gba òdìkejì ọ̀nà yìí, ó máa ń rọ̀ wọ́n lọ́rùn jù. Mike Woods, ọmọ Kánádà tí ìwọ ń gbé yẹn, sá máìlì kan ní ìṣẹ́jú 3 àti ìṣẹ́jú-àáyá 57.48 ní 2005, ọmọ ọdún 18 ni nígbà náà. Egungun ẹsẹ̀ ẹ̀ ń là léraléra, ló bá gun kẹ̀kẹ́. Ní 2023 ó gba ìpele kẹsàn-án nínú Tour lórí òkè Puy de Dôme. Kẹ̀kẹ́ gba ọkàn tó gbé wá, kò sì béèrè ohun tí egungun ẹ̀ ò ní.

Wàyí o, bó o ṣe máa ṣe é. Ọ̀sẹ̀ 10 ló wà níwájú wa, ó tó. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, kí ọjọ́ ìsinmi kan, ó kéré tán, wà láàárín wọn. Ọ̀sẹ̀ kìíní àti ìkejì: rìn fún ìṣẹ́jú 5, kó o wá sáré ìṣẹ́jú 1, rìn 2, ẹ̀ẹ̀mẹjọ. Ọ̀sẹ̀ kẹta àti ìkẹrin: sáré 3, rìn 1, ẹ̀ẹ̀mẹfà. Ìkarùn-ún àti ìkẹfà: sáré 8, rìn 1, ẹ̀ẹ̀mẹta. Ní ìkeje, ìṣẹ́jú 25 láìdúró, ìkẹjọ, 35, ìkẹsàn-án, 45, ìkẹwàá, kìlómítà 10 wọ́ọ́rọ́wọ́. Ọ̀sẹ̀ kan ò gbọdọ̀ fi kún ọ̀nà kó tún fi kún eré. Ó máa sú ọ ní ọ̀sẹ̀ kìíní, torí o ò ní làágùn dáadáa. Bá a lọ bẹ́ẹ̀. Bí ọkàn rẹ bá ń sọ pé ìṣẹ́jú 5 lórí kìlómítà kan rọrùn, ìwọ lo 6 àbọ̀. Kó o lè sọ odindi gbólóhùn kan láìmí hẹlẹhẹlẹ.

Má gbé nọ́ńbà ìlùkìkì ọkàn tó wà lórí aago kẹ̀kẹ́ ẹ wá síbi eré sísá. Ara tó ń gbé ara ẹ̀ fúnra ẹ̀ ń lo iṣan tó pọ̀ jù, ọkàn ọ̀pọ̀ èèyàn á lù tó ìgbà 5 sí 10 ju ti orí kẹ̀kẹ́ lọ ní ìṣẹ́jú kan, bí iṣẹ́ náà tilẹ̀ rí bákan náà lára.

Ohun kan wà tó o ní tí asáré tuntun kì í ní: ìwọ̀n ìyípo. Ẹni tó ń wa pẹ́dàlì ní ìgbà 90 ní ìṣẹ́jú kan ti mọ bí ìgbésẹ̀ 180 ṣe ń rí, torí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan á kan ilẹ̀ ní ìgbà 90. Asáré tó dáa máa ń wà láàárín 170 sí 180 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà ka ẹsẹ̀ ọ̀tún fún ìṣẹ́jú kan. Bó bá jẹ́ 75 lo kà, o ń na ẹsẹ̀ jù nìyẹn, gìgísẹ̀ ẹ ń lọ kanlẹ̀ níwájú ara. Gé ìgbésẹ̀ kúrú, kí ẹsẹ̀ balẹ̀ lábẹ́ ìbàdí. Tẹ́tí sí i pẹ̀lú: bó bá ń dún pà! pà! pà! lórí ọ̀dà, ọrùn ẹsẹ̀ ẹ ò ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ó yẹ kó máa dún bíi kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni. Ìbàdí náà, ó ti mọ́ ọn lára láti ká kò bí ẹni jókòó. Ìdí nìyẹn tí a fi máa ń dá agunkẹ̀kẹ́ mọ̀ látọ̀ọ́kán tó bá ń sáré, bí ẹni ń wá àga. Gbé àyà sókè, kí ìbàdí ó na.

Láti ọ̀sẹ̀ karùn-ún, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, bọ́ sílẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ kó o sáré ìṣẹ́jú 10. Ẹsẹ̀ á kọ́kọ́ rí bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹṣin, kò jẹ́ nǹkan. Àwọn tó ń ṣe tiráyátúlọ́ọ̀nì (ìdíje ìwẹ̀, kẹ̀kẹ́ àti eré sísá) ló mọ iṣẹ́ yìí jù, torí kìlómítà 40 lórí kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń ṣe nínú ti Òlíńpíìkì kí wọ́n tó sáré 10. Alex Yee tó gba góòlù ẹ̀ ní Paris 2024 fi 2:11:08 sá máráthọ́ọ̀nù London ní 2025, ṣùgbọ́n ìyẹn ò fi eré sísá sílẹ̀ láti kékeré. Má fi í ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn ẹgbẹ́ yín o.

Ooru ńkọ́? Ní kìlómítà 30 láàárín wákàtí kan, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ òógùn gbẹ lára ẹ. Ní 10, afẹ́fẹ́ ò fi bẹ́ẹ̀ sí. Ara tó bá ti òtútù Kánádà bọ̀ á gbà tó ọjọ́ 10 sí 14 kó tó mọ́ ọn lára níbí, nítorí náà má bá ẹnikẹ́ni díje ní ọ̀sẹ̀ tó o bá dé. Bẹ̀rẹ̀ kí aago mẹ́fà àbọ̀ tó lù, kí àwọn Máíkírà tó gba títì. Má sì jẹun bíi ti ọjọ́ kẹ̀kẹ́. Ìkùn tó ń mì ò fẹ́ àmàlà. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ méjì tàbí búrẹ́dì díẹ̀, wákàtí méjì ṣáájú, ti tó.

Ra bàtà níbẹ̀ bọ̀, kí àlàfo tó tó àtàǹpàkò wà níwájú ọmọ ìka ẹsẹ̀ tó gùn jù. Tí ẹnikẹ́ni bá ní kó o wá ra òkìrìkà ní Alẹ́ṣinlọ́yẹ́, gbé e lé orí tábìlì kó o wò ó láti ẹ̀yìn: bó bá tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹsẹ̀ ẹlòmíì ló ṣì wà nínú ẹ̀. Fi àtàǹpàkò tẹ fóòmù abẹ́ ẹ̀. Tó bá le koránkorán, tó sì ní ìlà ìkáko wẹ́wẹ́, ó ti kú. Bàtà kẹ̀kẹ́ ni kó o má tilẹ̀ dán wò. Chris Froome, agunkẹ̀kẹ́ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi tirẹ̀ sáré lórí òkè Ventoux nínú Tour 2016 torí alùpùpù ti ba kẹ̀kẹ́ ẹ̀ jẹ́, kò sì sí òmíì nítòsí.

Bí ojúgun bá ń dùn ọ́, fi ìka kan tẹ̀ ẹ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bó bá ń dùn ní gbogbo gígùn ẹ̀, iṣan ló sábà máa ń jẹ́. Dín eré kù, fi kẹ̀kẹ́ rọ́pò fún ọ̀sẹ̀ kan. Bó bá jẹ́ ojú kan pàtó, tí kò ju owó ẹyọ lọ, tó sì ń dùn tó o bá fi ẹsẹ̀ yẹn nìkan fò, ó ṣeé ṣe kí egungun ti máa là. Dúró níbẹ̀, lọ rí dókítà. Ti ẹ̀yìn gìgísẹ̀, ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ láti orí bẹ́ẹ̀dì láàárọ̀ ló ń sọ ọ́: bó bá le gan-an, tí ìṣẹ́jú 10 bá kọjá tí kò tíì tú, lọ́jọ́ yẹn ìwọ ò sáré.

Ní ti ìṣẹ́jú 40 tí wọ́n ń wí, èrò tèmi ni pé agunkẹ̀kẹ́ tó fúyẹ́ lè ṣe 45 sí 50 lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kó sì san gbèsè ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. 40 ń fẹ́ ìṣẹ́jú 4 gééré lórí kìlómítà kan. Oṣù mélòó kan ni wọ́n fi ń ra ìyẹn.

Kó o tó dá èsì padà, ṣe nǹkan kan fún mi. Dúró lórí ẹsẹ̀ kan, fi ìka méjì kan ògiri lásán, gbé gìgísẹ̀ sókè tán, kó o sì fi ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Bó o bá ṣe é tó 25 láìtẹ orúnkún, bẹ̀rẹ̀ ètò yẹn ní ọ̀sẹ̀ yìí. Bí kò bá tó, máa ṣe é lórí àtẹ̀gùn, 12 lọ́nà mẹ́ta, kó o máa fi ọjọ́ kan sinmi láàárín, kí a tó sọ̀rọ̀ eré. Kọ iye tó o kà ránṣẹ́ sí mi, ọ̀tún lọ́tọ̀, òsì lọ́tọ̀.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Délé