Fìlà aláwọ̀ eérú tí ọmọ mi fẹ́ ká rà ní Gettysburg

Ẹ̀yin olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi kì í kọ létà sí ìwé ìròyìn, kíkà ni tèmi, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn láti bí ọ̀sẹ̀ méjì, bàbá àwọn ọmọ mi sì ti ní kí n má sọ ọ́ fún òun mọ́, kí n lọ sọ ọ́ fún ẹni tó máa tẹ̀ ẹ́ jáde.

Maryland níbí la ń gbé. Sísì mi wá láti Ìbàdàn pẹ̀lú àwọn ọmọ ẹ̀ méjì, họ́lídè ni, a wá ń mú wọn jáde kiri. A ti kọ́kọ́ lọ Washington, wọ́n ya fọ́tò níwájú ère Lincoln títí fóònù Sísì fi kú. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ló wá ní ká lọ Gettysburg ní Pennsylvania, torí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ wọn nípa ẹ̀ ní kíláàsì, kò sì jìnnà sí wa rárá.

Fún ẹni tí ò bá mọ ibẹ̀, ogun ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n jà níbẹ̀, ọjọ́ kìíní sí ìkẹta oṣù keje ọdún 1863, àwọn ará Gúúsù tó ya kúrò lára Amẹ́ríkà torí wọn ò fẹ́ kí wọ́n gba ẹrú lọ́wọ́ àwọn, àti àwọn ọmọ ogun Lincoln, Ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà yẹn. Ká ka àwọn tó kú, àwọn tó fara gbọgbẹ́, àwọn tí wọ́n mú àti àwọn tí wọn ò rí mọ́ pọ̀, wọ́n lé ní 50,000. Sísì mi ṣírò ọdún ẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ó ní ṣebí ọdún kejì tí Ìbàdàn fọ́ Ìjàyè nìyẹn. Ọmọ Ìbàdàn ṣáá! Kò sí ibi tẹ́ ẹ mú wọn dé tí wọn ò ní gbé ogun tiwọn débẹ̀.

Ilé kan wà lórí òkè níbẹ̀, ilé pákó kékeré, funfun, ẹ lè wakọ̀ kọjá lára ẹ̀ kẹ́ ẹ má rí i. Abraham Brian ló ni ín, aláwọ̀ dúdú tí kì í ṣe ẹrú ẹnikẹ́ni, òun ló ni oko éékà méjìlá tó yí ilé náà ká. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ọmọ ogun Gúúsù ń bọ̀, ó kó ìyàwó, ó kó ọmọ, wọ́n sá. Kì í ṣe ìbọn nìkan ló ń bà á lẹ́rù o, torí bí àwọn ọmọ ogun yẹn ṣe wọ Pennsylvania ni wọ́n ń mú aláwọ̀ dúdú, kódà àwọn tí wọ́n bí lómìnira tí wọn ò ṣẹrú rí, wọ́n ń dè wọ́n lọ sí Gúúsù. Ìgbà tí Brian padà dé, ilé ti bàjẹ́, oko ti run, ó kọ̀wé sí ìjọba pé 1,028 dọ́là lohun tóun pàdánù. 15 dọ́là ni wọ́n fún un. Ọmọ mi gbọ́wọ́ lé ara pákó ilé yẹn, ó ń sọ pé "mẹ́ẹ̀ẹ́dógún? mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré?", bíi pé èmi ni mo jẹ ẹ́ lówó.

A wá jáde nínú páàkì, a wọ inú ìlú, àwọn ọmọ ní àwọn fẹ́ ra nǹkan ìrántí. A wọ ṣọ́ọ̀bù kan, mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, bá a ṣe wọlé ni tíṣẹ́ẹ̀tì ń wò wá, èyí tó bú Ààrẹ tó wà lórí àléfà wà níbẹ̀, èyí tó bú èyí tó ti kúrò náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, pẹ̀lú èébú tí mi ò lè kọ síbí, ọmọ Sísì tó jẹ́ ọmọ ọdún méje sì ti ń kà á sókè ní sílébù sílébù, torí ó ń fi hàn wá pé òun ti mọ ìwé kà. Mo fọwọ́ bò ó lẹ́nu. Níwájú, àsíá àwọn ọmọ ogun Gúúsù ni, pupa, búlúù tó dábùú ara wọn, ìràwọ̀ funfun mẹ́tàlá, ó wà lára kọ́ọ̀pù, ó wà lára sítíkà, ó wà lára ìbora. Láàárín kọ́ọ̀pù méjì tó ní àsíá yẹn ni wọ́n to ọmọlangidi Lincoln sí, èyí tó máa ń mi orí. Ọmọ mi bi mí pé ṣé Lincoln ló ni àsíá yẹn ni. Lincoln ń mi orí, bẹ́ẹ̀ ni bẹ́ẹ̀ ni.

Ibi tó ti wá le nìyí. Wọ́n ní fìlà ọmọ ogun fún àwọn ọmọdé, nísàlẹ̀ pátápátá níbi tí ọwọ́ ọmọ lè dé, búlúù fún ti Lincoln, aláwọ̀ eérú fún ti Gúúsù, bíi ìgbà téèyàn ń ta jẹ́sì ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù méjì. Búlúù tó bá orí ọmọ mi mu ti tán. Ó wá gbé aláwọ̀ eérú dé, ó ń wo ara ẹ̀ nínú díńgí, ó sì yẹ ẹ́, ọ̀rọ̀ tó bá wà nílẹ̀ nìyẹn. Mo ní bọ́ ọ. Ó ní kí ló dé.

Sísì mi ní "ọjà lọjà, fìlà ló ṣẹ̀ ẹ́ ni?" Mo ní Sísì, tí wọ́n bá ń ta fìlà Kúrunmí àti fìlà Ògúnmọ́lá fún ọmọdé ní Dùgbẹ̀, èwo lẹ máa rà fún tiyín? (Ọmọ Ìjàyè lọkọ wọn.) Sísì rẹ́rìn-ín, wọ́n ní èyí tí owó ẹ̀ bá dín. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń ṣe mí.

Mo mọ̀ pé àwọn tó fẹ́ràn àsíá Gúúsù yẹn á ní ìtàn ìdílé àwọn ni, àwọn bàbá ńlá àwọn ni. Mi ò bá wọn jà pé wọ́n ní bàbá ńlá. Ṣùgbọ́n ìgbákejì ààrẹ ìjọba Gúúsù fúnra ẹ̀, Alexander Stephens, dìde ní Savannah ní oṣù kẹta ọdún 1861, ó ní orí ìpìlẹ̀ pé aláwọ̀ dúdú ò bá aláwọ̀ funfun dọ́gba làwọn kọ́ ìjọba àwọn lé. Ẹnu ẹ̀ ló fi sọ ọ́, kì í ṣe èmi ni mo rò ó mọ́ ọn. Ọdún 1860, ọdún kan ṣáájú ọ̀rọ̀ yẹn, ni ọkọ̀ Clotilda kó àwọn èèyàn wa dé Mobile ní Alabama, nígbà tí òfin Amẹ́ríkà ti ní kí wọ́n má kó ẹrú wọ̀lú mọ́ láti 1808. Ọmọ Yorùbá wà nínú wọn, Kossola wà nínú wọn, tí wọ́n wá ń pè ní Cudjo Lewis, 1935 ló kú. Ká ní àwọn aláwọ̀ eérú borí ni, ẹrú ni ì bá kú sí. Ọ̀rọ̀ yẹn ò ṣeé sọ tán fún ọmọ ọdún mẹ́sàn-án níwájú díńgí, kí èèyàn sì máa tò lẹ́yìn yín.

Ẹ má rò pé mo ní kí ìjọba ti ṣọ́ọ̀bù pa o. Òfin Amẹ́ríkà gbà wọ́n láyè, ó sì dáa bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n pa èèyàn mẹ́sàn-án nínú ṣọ́ọ̀ṣì ní Charleston ní oṣù kẹfà ọdún 2015, àjọ tó ń bójú tó àwọn páàkì ìjọba àpapọ̀ ní kí àwọn ṣọ́ọ̀bù inú páàkì yọ ọjà tó jẹ́ àsíá yẹn nìkan kúrò, kí ìwé ìtàn tó ní àwòrán ẹ̀ máa wà níbẹ̀. Ìyẹn mọ́gbọ́n wá. Ẹ fi àsíá sínú ìwé tó ṣàlàyé ẹ̀, ẹ má fi sórí ọmọ mi. Àmọ́ ẹ kàn sọdá títì báyìí, ó ti parí.

Mo pe obìnrin tó wà ní káńtà, mo fi ohùn pẹ̀lẹ́ bá a sọ̀rọ̀, mo ní ṣé wọn ò lè gbé tíṣẹ́ẹ̀tì èébú yẹn sẹ́yìn, kí wọ́n gbé fìlà yẹn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun ìṣeré. Ó ní èyí tó ń tà ni wọ́n máa ń gbé síwájú. Kò rí mi fín, òótọ́ ló kàn sọ fún mi. Kí n tó yíjú padà, Sísì mi ti ra Lincoln tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ fíríìjì, méjì, owó tiwa náà ti wọ inú dúrọ́ọ̀ kan náà.

Ọmọ mi sunkún wọ mọ́tò. Ó dákẹ́ títí a fi kọjá Westminster, ló bá ní "Mọ́mì, fìlà tí Dádì so kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ńkọ́, ṣé ẹnì kankan máa ń bínú tó bá rí ìyẹn?" Fìlà ìbò ni, ti olóṣèlú tí bàbá ẹ̀ fẹ́ràn ní 2023. Ó dé e lọ síbi ọjọ́ ìbí kan lọ́dún yẹn, ìyàwó ọmọ Enugu tá a jọ ń gbé àdúgbò ò sì kí wa dáadáa mọ́ láti ọjọ́ náà. Mo sọ fún ọmọ pé kó bi Dádì ẹ̀.

Ó bi í. Dádì ní ìyẹn yàtọ̀. Fìlà ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn bí mo ṣe ń kọ létà yìí.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Ìyá ọmọ mẹ́ta, Maryland