Ìwé dúdú Bàámi

Ògbómọ̀ṣọ́

Àyọ̀ká mi,

Òtútù Halifax ní Kánádà ńkọ́? Má dá mi lóhùn. Bí o bá ti ní "kò tutù púpọ̀," mo mọ̀ pé ẹ̀wù mẹ́ta ló wà lọ́rùn rẹ.

Ilé ò tòrò. Ẹ̀gbọ́n mi ní àwọn máa ta oko Bàámi. Wọ́n ní òjò ti kọ ilẹ̀ yìí sílẹ̀, pé ọdún mẹ́ta léra wọn ni àgbàdo rọ kó tó yọmọ. Mo bẹ̀ wọ́n, mo sunkún, mo pariwo. Ìyàwó wọn ní kí n gbàdúrà. (Ìyàwó yìí kan náà ti lọ wo ilé n'Íbàdàn.)

Ọmọ àbúrò mi tó wà ní yunifásítì LAUTECH níbí ló wá sọ nǹkan kan tí kò jẹ́ kí n sùn. Ó ní òkun kì í tètè gbàgbé. Ooru tí nǹkan bíi mítà 3 òkè rẹ̀ gbé dání tó ti gbogbo afẹ́fẹ́ ayé, torí náà bó bá gbóná, ó lè tó ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún kó tó tutù padà. Kì í sì í jókòó sójú kan. Àwọn onímọ̀ òkun méjì, Hansen àti Bezdek, tọpa rẹ̀ ní òkun Àtìláńtíìkì, wọ́n sì sọ ọ́ ní 1996 pé ibi tó gbóná tàbí tó tutù máa ń bá omi rìn fún ọdún mélòó kan. Mo ní òfófó Tákíè yá jù ú lọ! Ó ní Gulf Stream, odò gbígbóná inú òkun yẹn, wà lára ohun tó ń gbé e, ìsàlẹ̀ ọ̀dọ̀ yín ló sì ń gbà kọjá lọ sí Yúróòpù.

Láti nǹkan bí 1970 sí 1990, ìhà àríwá Àtìláńtíìkì tutù, ọ̀dá sì mú àwọn ará Sahel, ilẹ̀ tó wà létí aṣálẹ̀ Sàhárà. Nígbà tó gbóná padà, òjò bẹ̀rẹ̀ sí í yà sọ́dọ̀ wọn. Tiwa ò rọrùn bẹ́ẹ̀: bí omi Gulf of Guinea, òkun etí Èkó, bá gbóná jù, etíkun ni òjò ń fẹ́ dúró sí. Mo rò ó fún ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ní, "Ṣé òkun ni kí n wá gbìn ni?" Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ inú mi ò dùn.

Màmá Risi ti bí, obìnrin ni. Ikọ́ mi ti lọ.

Ìwé dúdú yẹn ńkọ́? Èyí tí Bàámi ń kọ ọjọ́ òjò àkọ́kọ́ sí láti 1971, tó "ṣèèṣì" bọ́ sínú àpótí rẹ. Mi ò bínú mọ́. Jọ̀ọ́, ya fọ́tò 1983 àti ọdún mẹ́wàá tó tẹ̀lé e, kí o fi ránṣẹ́ lórí Wásáàpù. Mo fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi fojú ara wọn ka ohun tí Bàámi fọwọ́ ara wọn kọ lọ́dún ọ̀dá yẹn, tí wọn ò sì ta oko. Bí ohun tó wà níbẹ̀ ò bá gbè mí, ṣáà fi ránṣẹ́. Ẹni tó fẹ́ rà á ń bọ̀ ní Sátidé.

Fo ojú ìwé tí wọ́n kọ gbèsè àwa méjèèjì sí.

Èmi ni,
Àbẹ̀kẹ́